Òkúta Inú Ìwé

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí wọ́n bá tilẹ̀ fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ ọkàn náà. Ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó mi tí n kò lè dìde mọ́ ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ lẹ́yìn ìdọ̀bálẹ̀ náà, ẹ ó rí i pé ẹ̀rín ibẹ̀ ṣì pọ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀, nítorí ní ìdí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ni mí. Nígbà yẹn, mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin, níbi tí a ti ń fi ọwọ́ ṣe ọnà sọ́rùn agbádá. Àwa mẹ́fà ni a jọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ ìjókòó jù. Bí a bá ti ti ìrun àsùbáà dé, tí mo bá tẹ́ ẹní, tí mo na aṣọ sórí itan, ó di ìgbà tí ìrun mìíràn bá tó kí n tó dìde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a mu omi, wọn a sì dìde lọ tọ̀. Èmi ṣe ìṣirò tèmi: ẹni tó bá mu omi yóò tọ̀, ẹni tó bá lọ tọ̀ ti pàdánù ọnà tó gùn tó ìka ọwọ́. Ni mo bá kúkú fi omi sílẹ̀. Ife tíì kan láàárọ̀, awẹ́ obì díẹ̀ lọ́sàn-án, ó parí. Ọ̀gá mi sọ mí ní Ìdí-Òkúta. "Ẹ wo Ìdí-Òkúta!" ni yóò máa pariwo fún àwọn yòókù. "Ẹ kọ́ ìjókòó lára rẹ̀!"

Orúkọ náà dùn mọ́ mi nínú. Ṣebí ọmọ Ìlọrin ni mí? Òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ni ìlú wa fi jẹ́ orúkọ. Mo gbàgbé pé àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ẹni.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò ní ọwọ́ òsì kí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, tí àwọn awakọ̀ ṣì ń bú ara wọn lójú títì. Iléyá ọdún náà bọ́ sí àárín ọyẹ́. Ètè gbogbo ayé ti là, imú gbogbo ayé ti gbẹ, aṣọ ọdún sì ń wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wa bí eṣú. Bí ọyẹ́ ṣe ń fa omi ara mi jáde, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń fi omi du ara mi. Mo ní ìdí kan tó ju ti ọ̀gá mi lọ. Sàlámátù ni ìdí náà.

Ọmọ Àfáà Onílántànà ni Sàlámátù. Ilé Onílántànà ni ilé àwọn tó ń lọ òkúta pupa di ìlẹ̀kẹ̀ láyé àtijọ́, lántànà tí àwọn ìyàwó ń fi sọ́rùn. Iṣẹ́ náà ti kú kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n Bàbá Sàlámátù ṣe é ní kékeré kó tó gbájú mọ́ kéwú. Òkúta pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń lọ ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà níwájú ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún ipa tó là gbọọrọ gbọọrọ bí ilà àtẹ́lẹwọ́. Bàbá yìí kì í pariwo. Kì í na àwọn ọmọ kéwú rẹ̀. Gbogbo àdúgbò bẹ̀rù rẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé ó mọ ọ̀rọ̀ gbọ́. Bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀, kò ní já lu ẹnu rẹ, yóò gbọ́ ọ tán pátápátá, títí ojú ara rẹ yóò fi tì ọ́.

Èmi àti Sàlámátù ti gbà, ìyá rẹ̀ ti gbà, ó ku Bàbá. "Bọ̀dá," ni Sàlámátù wí fún mi, "Bàbá ò bèèrè ilé, wọn ò bèèrè ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń jókòó àti bí ẹ ṣe ń dìde."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. Ìjókòó kẹ̀? Èmi Ìdí-Òkúta? N kò tilẹ̀ ro ti ìdìde mọ́ ọn rárá.

Mo ra aṣọ funfun, mo fi ọjọ́ mẹ́rin gbáko ṣe agbádá kan fún Bàbá, ọnà ọrùn rẹ̀ wẹ́ bí ìrun ojú. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá pé, mo ká a, mo fi ìwé pẹlẹbẹ wé e, mo gbọ̀nà ilé Onílántànà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nǹkan kan ti ń ta mí ní ìhà ẹ̀yìn lápá òsì. Mo ní àárẹ̀ ìjókòó ni.

Bàbá wà lórí awọ àgùntàn rẹ̀ níwájú ilé, àwọn ọmọ kéwú yí i ká tàwọn ti wàláà, pátákó ìkéwú wọn, lórí itan. Àgbò Iléyá wà ní ìso lẹ́bàá ògiri. Mo sálámà, mo gbé ẹrù mi sílẹ̀, mo na ara mi gbọọrọ sílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Bí àyà mi ṣe kanlẹ̀ báyìí, ni nǹkan ọ̀hún dé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dà bíi pé ẹnì kan ti ọ̀bẹ bọ ìhà mi, tó wá ń fi ro tùwó níbẹ̀. Èémí mi há. Ẹsẹ̀ kò gbọ́ ti orí mọ́.

"Aleekun salaamu," ni Bàbá wí. "Dìde, ọmọ mi."

N kò dìde.

"Ó tó. Dìde. Ọlọ́run nìkan là ń forí kanlẹ̀ fún."

Iwájú orí mi ti wà nínú iyẹ̀pẹ̀ nígbà náà. Ìyá Sàlámátù yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé! Láyé ìsinsìnyí, ta ló tún ń dọ̀bálẹ̀ pẹ́ báyìí?"

"Ó ti pẹ́ jù," ni Bàbá dá a lóhùn.

Mo ní kí n fi orúnkún kan dìde, ìrora gbé mi, ó dà mí sápá ọ̀tún. Mo ní kí n yí padà, ó dà mí sápá òsì. "Yéè!" ni Ìyá Sàlámátù ké. "Ó yíká ọ̀tún, ó yíká òsì! Bàbá Sàlámátù, ṣé wọ́n ti fi yín jọba tí n kò gbọ́ ni?"

Ibẹ̀ ni mo ti ké. N kò mọ irú igbe tí mo fẹ́ ké, ṣùgbọ́n èyí tó jáde ni "mèééé!" Àgbò Iléyá gbé orí sókè, ó dá mi lóhùn. Mo tún ké, ó tún dá mi lóhùn. Àwọn ọmọ kéwú da wàláà sílẹ̀, wọ́n ń yí gbirigbiri bíi tèmi, àwọn ń fi ẹ̀rín yí tiwọn ni.

Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kúrò lórí awọ rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ tì mí nínú iyẹ̀pẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ìhà mi. "Ṣé ibí ni?"

"Ibẹ̀ ni, Bàbá."

Ó mú wàláà kan, ó fi kálámù tẹ tàdáwà dúdú ìkọ̀wé, ó kọ̀wé kún ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó fi omi mímọ́ fọ ìwé náà sínú igbá, ó di hàntú, ó fún mi ní ìdajì mu, ó dé ìdajì yòókù mọ́lẹ̀. Mo mu ún. Kò pẹ́, ìrora náà gbéra lọ bí àlejò tó rántí ilé. Mo jókòó, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù. Mo gbé agbádá lé Bàbá lọ́wọ́. Wọ́n gbé tùwó wá, mo jẹ ẹ́. Ara wá yá mi ju bó ṣe yẹ lọ, mo ń sọ fún Ìyá Sàlámátù bí ọ̀gá mi ṣe ń pè mí ní Ìdí-Òkúta. Ìyá ní orúkọ náà wuyì. Mo dìde láti dágbére, Bàbá tú agbádá náà, ó nà án sí iwájú mi, ó fẹ́ yìn mí. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀bẹ tún padà. Mo ya ẹnu láti ké, tùwó ló jáde. Orí agbádá funfun tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe ló dà sí.

"Ẹ lọ pe mọ́tò," ni Bàbá wí.

"Bàbá, ẹ fún mi ní hàntú tó kù."

"Àdúà ni mo fi ṣíwájú, ọmọ mi, dókítà ni yóò tẹ̀lé e. Ẹni tó fún mi ní kálámù náà ló fún dókítà ní abẹ́rẹ́." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó bá mi wọ mọ́tò.

Ní ọsibítù, wọ́n gbé mi sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú, wọ́n wá mú mi wọlé bá dókítà. Ará Íńdíà ni. Ọkùnrin náà dára, mo ṣì ń yìn ín títí di òní. Kò fẹ́ máa gba ẹnu ẹlòmíràn bá ẹni tí ara ń ni sọ̀rọ̀. Ó ń kọ́ èdè wa fúnra rẹ̀, ó sì ní ìwé kékeré kan nínú àpò tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ṣùgbọ́n kò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ jọ rí bákan náà fún un. Nọ́ọ̀sì tó máa ń túmọ̀ fún un ti lọ kírun. Ó ku èmi àti òun.

"Kí ni o jẹ? Kí ni o mu?" ni ó bi mí.

"Tùwó ni mo jẹ, dókítà. Àfáà sì kọ̀wé, wọ́n fọ ìwé náà, mo mu ún."

Ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ewé wálẹ̀, ojú rẹ̀ sì tàn bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ lọ́jà. Ó gbé àwòrán inú mi sí ojú fèrèsé, ó tọ́ka sí nǹkan funfun kan níbẹ̀ tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ.

"Òkúta," ni ó wí. "Òkúta wà nínú ìwé rẹ."

"Nínú kí ni?"

"Ìwé! Ìwé rẹ!" Ó yíjú padà, ó fi ọwọ́ lu ìhà ẹ̀yìn ara rẹ̀. Mo rò pé ibi tí òkúta rìn dé ló ń fi hàn mí.

"Ìwé tí mo mu?"

"Mu!" Inú rẹ̀ dùn pé a gbọ́ ara wa yé. "Bẹ́ẹ̀ ni! Mu! Mu omi!"

"Ẹ ní inú omi yẹn ló wà?"

"Omi! Omi púpọ̀, púpọ̀!"

Ó fún mi ní oògùn, ó fún mi ní ọjọ́ tí n óò padà wá, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ gbọngbọn. Mo jáde. Orí mi ń gbóná ju ìhà mi lọ.

Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́ọ̀dẹ̀, láàárín àwọn aláìsàn, tẹ̀sùbá lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọ̀sán títí tí wọ́n fi ti ìrun alásárì ni bàbá àgbàlagbà yìí ti ń dúró dè mí. Ó dìde fún mi, ó gbà mí lápá.

"Kí ni dókítà wí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí mo bá rí ibi tí wọ́n ti ń ta ọjọ́ tó ti kọjá, n óò lọ ra ìṣẹ́jú yẹn padà. Mo já apá mi gbà. Mo ní, "Bàbá, òkúta lẹ fún mi mu!"

N kò dúró níbẹ̀. "Inú ìwé tí ẹ fọ̀ ló wà! Dókítà fi hàn mí lójú fèrèsé! Ṣé torí pé ẹ ò fẹ́ fi Sàlámátù fún mi ni? Ẹ̀ bá kúkú sọ pé ẹ ò fẹ́!"

"Subuhanalai," ni obìnrin kan wí lẹ́yìn wa.

Bàbá gbọ́ mi tán. Ó dúró díẹ̀ sí i, bóyá n óò tún fi kún un. Nígbà tó rí i pé ó parí, ó ní, "Ó dáa. Jẹ́ ká lọ sílé."

Nígbà tí a délé, ó ní kí ìyàwó òun gbé igbá hàntú tó dé mọ́lẹ̀ wá. Ó mú aṣọ pélébé funfun, ó fi bo ẹnu abọ́ kan, ó rọra sẹ́ omi náà títí ó fi tán. Ó tẹ́ aṣọ náà síwájú mi. Àbàwọ́n tàdáwà nìkan ló wà níbẹ̀. "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì," ni ó wí. "Ìwọ tí ojú rẹ ń rí ihò abẹ́rẹ́, bá mi wò ó."

Mo wò ó. Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Òkúta náà lè kéré ju ihò aṣọ lọ."

Bàbá mi orí. Ó gbé abọ́ náà, ó ní "Bisimilai," ó mu gbogbo rẹ̀ títí dé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀. Ó nu irùngbọ̀n rẹ̀. "Bí òkúta bá wà níbẹ̀, kó wà nínú àwa méjèèjì. A ó jọ máa rù ú. Máa lọ sinmi, ọmọ mi, ara rẹ ò dá."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sàlámátù ló tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Bọ̀dá," ni ó wí, "ẹ má padà wá síbí mọ́."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, orí ẹní ni mo wà nílé ìyá mi. Mo lo oògùn dókítà, mo mu omi bó ṣe wí. Mo mu omi títí inú mi ń ró bí ìkòkò tí wọ́n ń rù bọ̀ láti odò. Ìrora á wá, á lọ. Ọ̀gá mi wá kí mi, ó bá mi lọ́nà ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ìkíni kan ṣoṣo, ó ní, "Ìdí-Òkúta, o ti di Ìdí-Odò." N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ti pàdánù Sàlámátù. Ohun tó tún ń jẹ mí nínú jù ni pé ìyá mi a máa wọlé láràárọ̀, a ní, "Àfáà Onílántànà tún yà lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń ti àsùbáà bọ̀. Wọ́n ní báwo lara rẹ." Ẹni tí mo fi ẹ̀sùn kàn níwájú gbogbo ayé! Mo bẹ̀rẹ̀ sí ro ó: ta ni yóò fi òkúta sínú omi, tí yóò wá máa béèrè bóyá ó ti jáde? Ṣùgbọ́n dókítà ti wí, mo sì fi ojú mi rí hóró funfun. Orí mi dà rú.

Ọjọ́ Iléyá dé. N kò lè lọ sí Yídì. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń wọ́ agbádá kọjá lójú fèrèsé, àwọn agbádá tí mo fi omi ara mi ṣe. Lẹ́yìn ìrun àìlà lọ́sàn-án, mo gbọ́ "Salaamu aleekun" lẹ́nu ọ̀nà. Sàlámátù ni. Ó gbé abọ́ kan tí wọ́n dé dáadáa, ojú rẹ̀ le bí awọ ìlù tí wọ́n sá sóòrùn.

Ẹ mọ̀ pé ẹran Iléyá kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń bá jà. Mo ṣí abọ́. Nǹkan méjì péré ló wà lórí ewé, tútù ni, wọn ò sè é, ó yí bírí bí ẹ̀wà ńlá. Kò sí itan, kò sí ìgẹ̀.

"Bàbá ní kí ẹ ka ìwé yìí," ni ó wí.

"Ìwé wo? Ẹran rèé."

"Ẹran wo?"

"Kíndìnrín àgbò ni."

"Kíndìnrín lẹ̀ ń pè é níbí. Kí ni àwọn àgbà ń pè é? Kí ni alápatà ń pè é?"

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi, ó jókòó síbẹ̀. "I... iwe," ni mo wí.

"Ẹ tún un wí, mi ò gbọ́."

"Iwe."

"Níbo ni dókítà ní òkúta wà?"

Mo gbé ọwọ́ mi díẹ̀díẹ̀, mo fi lé ìhà ẹ̀yìn mi. Ibẹ̀ náà ni dókítà lù lára tirẹ̀. Mo wo nǹkan méjì tó wà lórí ewé. Òógùn bò mí nínú ọyẹ́.

Sàlámátù ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó jókòó sórí ìlóro, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kun àgbò lọ́wọ́ ni alápatà bèèrè pé, "Bàbá, ta ló ni iwe?" Bàbá gbà á, ó wò ó, ó fi ọwọ́ kan ìhà ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sáré jáde wá wò ó. "Wọ́n ní dókítà ò jẹ̀bi," ni Sàlámátù wí. "Wọ́n ní àlejò tó ń kọ́ èdè, ohùn ló kọ́kọ́ máa ń jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa tí wọ́n bí sínú èdè ló yẹ ká bá a ṣà á."

Mo dìde. Mo fi bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Mo ti mu ife omi mẹ́ta kí ó tó dé, inú mi ń ró gbúgbú bí mo ṣe ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lójú ọ̀nà. Àwọn àlejò ọdún ti kún iwájú ilé Onílántànà. Bàbá jókòó láàárín wọn. Agbádá tí mo bì sí ló wọ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, àbàwọ́n rẹ̀ kù fẹ́ẹ́rẹ́ lápá ìsàlẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ lọ kírun Yídì lójú gbogbo Ìlọrin. Mo rí agbádá yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì..." Ọ̀rọ̀ náà gé. Ọ̀bẹ ti dé. Mo tún kanlẹ̀, n kò lè gbéra.

Bàbá tẹ orí sílẹ̀ wò mí. "Ṣé ìdọ̀bálẹ̀ lèyí, àbí òkúta?"

"Méjèèjì ni, Bàbá!"

Mo ké "mèééé!" Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Àgbò ti wà nínú ìkòkò.

"Ẹ fún un lómi," ni Bàbá wí. "Ẹ fún un ní agolo." Mo mu omi, mo gba agolo, mo sáré tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ògiri yẹn, n kò ní sọ ọ́. Ẹ lọ bi àwọn abiyamọ. Èyí tí gbogbo ènìyàn gbọ́ ni pé nǹkan kékeré kan bọ́ sínú agolo, ó ní "kín-ín!" Mo pariwo, "Alihamudulilahi!" Gbogbo àlejò tó wà níwájú ilé, tí wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, gbè é pa pọ̀, "Alihamudulilahi!"

"Fi omi bútà fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta," ni Bàbá ké sí mi, "kó o gbé e wá."

Ó gbé e lé orí òkúta ìlọ̀lẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Ó kéré, ó dúdú díẹ̀, ara rẹ̀ ta ẹ̀gún. Ojú tì mí pé nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ló mú mi bá àgbò fèsì. Bàbá fi ìka yí i kiri nínú ipa tí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ ti là.

"Bàbá mi máa ń sọ fún mi pé òkúta kì í ṣe ọ̀tá," ni ó wí. "Bí o bá ń fún un lómi bí o ti ń lọ̀ ọ́, yóò dán, yóò di lántànà lọ́rùn ìyàwó. Bí o bá fi omi dù ú, yóò gbóná, yóò là, yóò gé ọ lọ́wọ́. Ìwọ fi omi du tìrẹ."

"Bàbá, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọsibítù ńkọ́?"

Ó gbé ojú sókè wò mí. "Ìrora ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìrora ò mọ̀ mí, ìwọ mọ̀ mí. Lọ́jọ́ mìíràn, bí ọ̀rọ̀ bá dé etí rẹ tí kò jọ ẹni tí wọ́n sọ ọ́ mọ́, kọ́kọ́ dá a padà lọ́dọ̀ ẹni tó sọ ọ́, kó tún un sọ." Ó wá yíjú sí Ìyá Sàlámátù. "Mo ní mo fẹ́ rí bí ọmọ yìí ṣe ń jókòó àti bó ṣe ń dìde. Mo ti rí i. Mo sì rí bó ṣe ń ṣubú. Ó ṣubú tán, ó padà wá. Kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa bọ̀."

Kí ọyẹ́ tó lọ, wọ́n so yìgì wa. Mo padà lọ bá dókítà, mo kọ́ ọ ní "iwe" títí ó fi bọ́ sí i lẹ́nu. Ó fi gègé pupa fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé kékeré rẹ̀, ó bẹ̀ mí, èmi náà bẹ̀ ẹ́, a bẹ ara wa títí nọ́ọ̀sì fi lé wa jáde. Ní báyìí, Bàbá ti di olóògbé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. N kò tíì rí ẹni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú tán bíi tirẹ̀, kó má sì fi ìkankan dá a padà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju méjì lọ: mo ń mu omi, mo sì ń tún ọ̀rọ̀ béèrè. Láràárọ̀, bí mo bá ti jókòó sídìí iṣẹ́, Sàlámátù yóò gbé ife omi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yóò ní, "Ẹ ka ìwé yín o." Ìwé ni a ń pe omi nílé wa. A pè é bẹ́ẹ̀ títí a ò tilẹ̀ rántí pé àwàdà ni. Àfi lọ́jọ́ tí àkọ́bí wa kọ́kọ́ lọ sílé ìwé, tó dé lọ́sàn-án tòun ti ètè gbígbẹ, tó ju báàgì sílẹ̀ tìbínú-tìbínú. "Irọ́ ni wọ́n ń pa," ló wí. "Wọ́n ní ilé ìwé ni, kò sì sẹ́ni tó fún wa lómi mu!"

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi dùn mí. Bó ṣe dùn mí báyìí, mo ki ife mọ́lẹ̀, mo mu ìwé mi tán kíá.